Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Àká Wà? Ìtàn Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Kétu

Àwọn kan a máa sọ pé òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti ń dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Kí Faransé tó dé ni àwọn baba wa ti ń ṣe àáró: wọn a ro oko lágbájá lónìí, wọn a ro ti làkásègbè lọ́la. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ, wọn a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ìyá wa sì ń dá èésú. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ agbo ilé rẹ̀. Nítorí náà, a kò bi ìtàn léèrè ìgbà tí àgbẹ̀ Kétu bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí ó jókòó sórí àga ìgbìmọ̀, àti ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àká wà.

Ní 1886 ni Kétu ṣubú sọ́wọ́ ogun Dàhọ̀mì. Nígbà tí Faransé ti ṣẹ́gun Abomey, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú padà wá tún ìlú wọn tẹ̀dó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n padà sí kò pé mọ́: ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà la ilẹ̀ Alákétu kọjá, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1910, ìjọba Faransé ṣe òfin tí ó dá Sociétés indigènes de prévoyance sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ète rẹ̀ dára lójú ìwé: kí a tọ́jú irúgbìn, kí a yá àgbẹ̀ ní ohun èlò, kí a sì pa oúnjẹ mọ́ de ìgbà ìyàn. Kò pẹ́ tí ó fi di pé ajẹ́lẹ̀ Faransé, commandant de cercle, ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà, tí owó ẹgbẹ́ sì ń bá owó orí rìn. Àgbẹ̀ kò bèèrè láti wọlé, kò sì rí ọ̀nà àtijáde. Lóòótọ́, wọ́n pe àwọn ìjòyè àti ènìyàn pàtàkì jókòó sínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde láti sọ fún ajẹ́lẹ̀ pé ìṣirò rẹ̀ kò pé, nígbà tí òfin indigénat fún ajẹ́lẹ̀ yìí kan náà láṣẹ láti ju ènìyàn sẹ́wọ̀n láìdé ilé ẹjọ́? Ó di 1946 kí wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbà wa fi ń fura bí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àgbẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí.

Lódìkejì ààlà, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní Nàìjíríà ní 1935. Níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ń dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn fúnra wọn. A kò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ṣàánú ju Faransé lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣọ́ àwọn náà lójú méjèèjì. Síbẹ̀, ohùn wọn ni wọ́n fi ń sọ orúkọ alága. Ibẹ̀ náà ni a ti gbọ́ orúkọ tí ó wù wá jù fún irú ẹgbẹ́ yìí: alájẹṣẹ́kù.

Òmìnira dé ní 1960, àga kò sì tíì bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀. Òfin 1961 fún ìjọba Dàhọ̀mì láṣẹ láti kó ilẹ̀ àwọn ènìyàn pọ̀ sínú ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ dandan, bí irú ti Hinvi àti Agonvy. Onílẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba, SONADER, ni ó ń darí oko. Lẹ́yìn 1972, ní ayé ìjọba Kérékou, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tún gba orúkọ àyípadà: groupement révolutionnaire à vocation coopérative. Orúkọ náà gùn ju owó inú àpótí rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ abúlé.

Òfin OHADA ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Lomé ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2010, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2011. Ẹni márùn-ún ti tó láti dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá tó ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè ní conseil d'administration, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, tí wọn kò sì gbọdọ̀ ju méjìlá lọ. Ẹnìkan, ìbò kan, ì báà ní ìpín kan tàbí ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ìgbìmọ̀ kì í gba owó oṣù. Ohun tí ó bá ná fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìkan ni a lè dá padà fún un. Òfin sì ní kí a yan àwọn mìíràn tí yóò máa ṣọ́ ìgbìmọ̀.

Àwa tí a kọ èyí ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń kó àgbàdo pamọ́ nígbà ìkórè láti tà á nígbà tí ó bá wọ́n. Ní ọdún kan, a pinnu láti dúró díẹ̀ sí i. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, ìyẹ̀fun ni ó ń dà láti inú àpò. Kòkòrò ti jẹ àgbàdo tán. Ní àpéjọ gbogbogbò, ìyá àgbà kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí ẹ ti tìlẹ̀kùn yẹn, ta ni ó ń lọ wò ó?"

Akọ̀wé ṣíwèé, ó kà á ní Faransé pé ìgbìmọ̀ ń yẹ àpò wò lóṣooṣù. Ìtẹ̀ka akápò wa, obìnrin tí ń din gààrí, wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà. Ó bèèrè ohun tí ìwé wí. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní kí n tẹ̀ka, mo sì tẹ̀ka. N kò bá ẹnikẹ́ni yẹ àpò kankan wò." Àwa tí a gbọ́ Faransé náà ti fọwọ́ sí i láìkà á. Kò sí ajẹ́lẹ̀ kankan nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan gba ìpín wọn, wọ́n lọ. Àwọn tí ó kù ní kí a máa kọ ìwé ẹgbẹ́ ní Yorùbá, kí a máa kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka, kí ti Faransé wà fún ìjọba. Wọ́n fi àgádágodo méjì sí ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ akápò, èkejì lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ìgbìmọ̀. Wọ́n dìbò yan ìyá àgbà náà kún wọn. Kò mọ̀wé. Lóṣooṣù, a máa ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìsàlẹ̀, a bu àgbàdo, a sì fi eyín gé e kí ó tó gbà kí akọ̀wé kọ ohunkóhun.