Ẹ̀rù Méjì Tí Ó Ba Ìkòròdú

Bí ẹ bá dé gáréèjì Ìkòròdú ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó rí i pé ibi gbogbo ni àwọn èrò ibẹ̀ ti wá. Ẹni tí ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ń lọ sí Ṣágámù wà níbẹ̀, ẹni tí ń sáré kí ó má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́ l'Ékòó náà wà níbẹ̀. Àwọn agbèrò ń pariwo, àwọn obìnrin ń ta búrẹ́dì, kò sì sí ẹni tí ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé ọmọ ta ni í ṣe. Ìlú tí ń gba àlejò lójoojúmọ́ ni Ìkòròdú, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ayé ọkọ̀ ọ̀sà. Ẹ̀rù méjì tí ó ba ìlú yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí: ọ̀kan ní 1865, èkejì ní 2016 àti 2017. Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí èkejì ni ó ṣòro jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọ ogun níbẹ̀.

Ogun ni ó fa ẹ̀rù kìn-ín-ní. Nígbà Ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn dojú ìjà kọ ara wọn, ọ̀tá wọn kò sì tán nígbà tí ogun náà parí. Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Bí wọ́n bá fẹ́ ìbọn àti ẹ̀tù, àfi kí ẹrù gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìkòròdú, tí í ṣe ìlú Rẹ́mọ ní etí ọ̀sà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà náà. Ẹ̀gbá fẹ́ kí gbogbo òwò gba ọwọ́ tiwọn. Nígbà tí Ìkòròdú kò gbà láti ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìbàdàn, ogun Ẹ̀gbá wá dó tì wọ́n.

Èkó ti bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, Glover ni ó sì ń ṣe àkóso ibẹ̀. Ó ní kí Ẹ̀gbá ká ibùdó wọn kúrò. Wọn kò gbọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1865, ó rán àwọn ọmọ ogun kọjá ọ̀sà, wọ́n sì fi ọta oníná tí à ń pè ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tú ibùdó náà ká. Ìkòròdú bọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé má rò pé àánú nìkan ni ó gbé Glover dìde. Ọ̀nà òwò ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́, kí ó má baà dí. Kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, Ìkòròdú fúnra rẹ̀ ti wà lábẹ́ àṣẹ wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun kan nínú ẹ̀rù ìgbà náà. Ará ìlú mọ ibi tí ọ̀tá dó sí. Ẹni tí ó wà nínú odi ni tiwa, ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi ni tiwọn. Kò sí ẹni tí ó nílò láti fura sí aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀rù kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2016, àwọn apànìyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé ní òru ní àwọn àdúgbò bí Ìbẹ̀ṣẹ àti Ọ̀dọ̀ǹgúnyàn. Ilé àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan, ní ẹ̀yìn ìlú, ni wọ́n sábà ń wọ̀. Ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ́ fún àwọn tí oorun ti gbé lọ: bàbá, ìyá àti ọmọ. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi pè wọ́n ni Badoo. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé aṣọ ìnujú ni wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, pé wọ́n ń tà á fún àwọn tí ń wá owó òjijì. Oorun dá lójú ìlú. Àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ òru pẹ̀lú àdá àti tọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn, wọ́n fi Ìkòròdú sílẹ̀.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí ni gbogbo ènìyàn ń rántí nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ojú ọ̀tá. Ta ni? Ṣé ayálégbé tí ó dé lánàá ni? Ṣé ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì lálẹ́ ni? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2017, apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣeré ní Ìkòròdú. Àwọn ènìyàn kan rí wọn lóru, wọ́n sì pariwo pé Badoo nìyí. Àwọn èrò yí wọn ká, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ènìyàn mẹ́ta ni ó kú. Wọn kì í ṣe Badoo rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro èyí wò: àwọn tí ó pa wọ́n kì í ṣe ọlọ́ṣà. Bàbá ọmọ ni wọ́n, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo ilé rẹ̀ ni. Badoo kò fi ọwọ́ kan àwọn àlejò mẹ́ta náà. Ìbẹ̀rù Badoo ni ó pa wọ́n.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Tíṣà, bí a bá fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ṣé wọn kò ní tú wọn sílẹ̀ ni?” Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ da ìlú Benin rú. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, àṣírí tú pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí a fi ṣọ́ agbo ni ó ń bá ìkookò pín ẹran. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe mọ̀? Nítorí pé a mú Anini láàyè, ó sì sọ̀rọ̀. A dá òun àti Iyamu lẹ́jọ́, a sì pa wọ́n ní 1987. Bí àwọn èrò bá ti sun Anini ní ojú títì, bóyá ọ̀gá ọlọ́pàá náà ìbá ṣì máa wọ aṣọ ìjọba kiri.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ishola Oyenusi, olè tí ń pe ara rẹ̀ ní dókítà láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 1971, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ja ilé iṣẹ́ kan lólè ní Ìkẹjà, wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan. Kí a tó yìnbọn fún un ní etíkun Bar Beach ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó kọ́kọ́ dúró níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́.

Ilé ẹjọ́ pàápàá lè ṣìnà bí ó bá gba ìbẹ̀rù ní ẹ̀rí. Ní Salem ní Amẹ́ríkà, ní 1692, ènìyàn 19 ni wọ́n so kọ́ lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Ní 1711, ìjọba ibẹ̀ dá orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, wọ́n sì san owó fún àwọn ẹbí. Ṣùgbọ́n owó kì í jí òkú. Bí adájọ́ tí ó jókòó ní ọ̀sán gangan bá lè ṣì í ṣe báyìí, mélòó mélòó ni èrò tí ń sáré lóru?

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ mọ orúkọ ayálégbé yín àti ibi tí ó ti wá. Ẹ̀yin tí ń ṣọ́ òru, bí ẹ bá mú ẹnìkan, ẹ bi í léèrè, ẹ pe ẹni tí ó sọ pé òun ń lọ bá, kí ẹ sì fà á lé ìjọba lọ́wọ́ láàyè, kí ẹ tó méjì tàbí mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá gbọ́ “Olè! Olè!” ní ìgboro, ẹ má ṣe ṣa òkúta. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó dá a ńkọ́?

Lọ́la, ilẹ̀ yóò mọ́, ọkọ̀ yóò sì tún máa kó èrò ní gáréèjì Ìkòròdú. Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ilé.