Finbarr: Orúkọ Ẹni Mímọ́ Ìlú Cork àti Ìrìn-àjò Rẹ̀

Nínú àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń bí ní Írẹ́lándì lóde òní, Finn àti Fionn pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n Finbarr ti di ohun tí a ń wá kí a tó rí. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan ṣe òṣùwọ̀n yóò ní orúkọ náà ń parẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún dé ìlú Cork ní gúúsù Írẹ́lándì. Yóò bá Finbarr lára kàtídírà, lára ilé ìwòsàn, lára ẹgbẹ́ eléré ìdárayá, àti nínú ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà yunifásítì. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé iye ọmọ tí a sọ ní orúkọ kan lọ́dún kò tó láti fi mọ bí orúkọ náà ṣe fìdí múlẹ̀ tó láwùjọ. Àwọn orúkọ kan wà tó jẹ́ ti ìlú ju ti ọmọ lọ, Finbarr sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn láàrin àwọn orúkọ Kẹ́ltì.

Findbarr ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú èdè Írẹ́lándì àtijọ́. “Find” ni ohun tó funfun, tó ń tàn, tó sì dára lójú. “Barr” ni orí tàbí ṣóńṣó, wọ́n sì tún ń lò ó fún irun orí. Ẹni tí irun orí rẹ̀ ń tàn ni Finbarr. “Find” yìí kan náà ló wà nínú orúkọ Fionn mac Cumhaill, akọni inú ìtàn wọn, àti nínú Fionnuala tó jẹ́ orúkọ obìnrin.

Ìwé ìgbésí ayé ẹni mímọ́ náà, tí wọ́n kọ ní èdè Látìn ní nǹkan bí ọdún 1200, sọ bí orúkọ náà ṣe dé. Alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Amergin ló fẹ́ ẹrúbìnrin kan ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn tí ọba Tigernach ti kà á léèwọ̀ pé kí ọkùnrin kankan má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí oyún hàn, ọba ní kí wọ́n dáná sun tọkọtìyàwó náà. Òjò rọ̀, iná kò jó, ọlẹ̀ inú ìyá sì fọhùn bá ọba wí. Ni ọba bá tú wọn sílẹ̀. Lóchán ni wọ́n sọ ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, àwọn àlùfáà mẹ́ta tó ń kọjá lọ rí i, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ láti kọ́ ọ níwèé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fá irun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tó ń wọ iṣẹ́ Ọlọ́run, ọ̀kan nínú wọn wo orí ọmọ náà, ó ní irun Lóchán yìí mà ń tàn o. Èkejì ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ lo sọ, nítorí orúkọ tí yóò máa jẹ́ nìyẹn.

Kò ní ṣòro fún òǹkàwé Yorùbá tó mọ bí Dàda ṣe ń gba orúkọ rẹ̀ láti lóye èyí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé irun Dàda ti bá a ti ọ̀run wá, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ dè é. Ní ti Lóchán, àwọn olùkọ́ ló fún un ní orúkọ lọ́jọ́ tí irun náà ń bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, orúkọ tuntun yìí sì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Wọ́n ní Finbarr gbé ní àdágún omi Gougane Barra, láàrin àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn Cork, kó tó tẹ̀lé odò Lee sọ̀kalẹ̀ lọ dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ nínú àbàtà. Àbàtà yẹn náà ni Cork ti gba orúkọ, nítorí Corcach ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń pa á nítàn pé ejò ńlá kan tí Finbarr lé jáde nínú àdágún náà ló fi ara wọ́lẹ̀ tí ojú odò Lee fi là. Nǹkan bí ọdún 623 ni wọ́n gbà pé ó kú, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sì ni àjọ̀dún rẹ̀. Erékùṣù kékeré kan wà nínú àdágún náà tí Àlùfáà Denis O'Mahony fi ṣe ibùgbé àdúrà ní nǹkan bí 1700. Ògiri òkúta yí àgbàlá ibẹ̀ ká, yàrá tóóró mẹ́jọ ló sì wà nínú ògiri náà. Àwọn olùjọsìn máa ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, wọ́n á dúró gbàdúrà, wọ́n á tún sún síwájú, pàápàá lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá sún mọ́ àjọ̀dún náà jùlọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ìtàn sọ ni ìwádìí gbè lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pádraig Ó Riain, tó kọ́ni ní yunifásítì Cork gan-an, dá a lábàá pé Finbarr ti Cork àti Finnian ti Moville ní àríwá, ẹni tó kú ní 579, ẹnì kan náà ni. Lójú tirẹ̀, ìjọsìn Finnian ni wọ́n gbé wá sí gúúsù, tí Cork sì wá sọ ọ́ di ẹni tirẹ̀ nígbà tó yá. Mo fara mọ́ àbá yìí, orúkọ gan-an sì ni ẹ̀rí tó dá mi lójú jù: Finnian jẹ́ àdápè Findbarr. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Cork gba orúkọ àjèjì, ó tọ́ ọ dàgbà, ó sì fi ojú odò àti àbàtà tirẹ̀ kún ìtàn rẹ̀.

Finbarr mìíràn tilẹ̀ wà tí kì í ṣe ẹni mímọ́ rárá. Finvarra ni ọba àwọn iwin tí wọ́n ní ó ń gbé inú òkè Knockma, nítòsí Tuam ní Galway. Orúkọ kan náà ni, ó sì fi hàn pé kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni orúkọ náà ti rí ibi dúró sí.

Ó tún kọjá òkun lọ sí Skọ́tlándì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ ẹni mímọ́ kan tó ń jẹ́ Barr, àgékúrú Finbarr, ló wà nínú orúkọ erékùṣù Barra, tí àwọn Norse sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe erékùṣù lé e lẹ́yìn. Martin Martin, tó rin àwọn erékùṣù ibẹ̀ já, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1703, ròyìn pé ère igi Barr dúró lórí pẹpẹ, wọ́n sì fi aṣọ ọ̀gbọ̀ rán ẹ̀wù sí i lọ́rùn. Bí àwọn ará erékùṣù náà bá fẹ́ búra tó rinlẹ̀, orúkọ ẹni mímọ́ yìí ni wọ́n fi ń búra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni Barry. Bairre tàbí Barra ni àdápè Finbarr láti ayébáyé. Nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba, tí àwọn akọ̀wé sì ń kọ orúkọ bí ó ṣe rọ̀ wọ́n lẹ́nu, Barry ni ọ̀pọ̀ ń jẹ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra: àwọn ìdílé Barry tó pọ̀ ní Cork kò jogún orúkọ wọn lọ́dọ̀ ẹni mímọ́ náà. De Barry ni baba ńlá wọn, àwọn Norman tó ti Wales wá gba ilẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá. Orúkọ ọmọ ni ká máa wò, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni Barry McGuigan, akànṣẹ́ ọmọ Clones tó gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1985. Finbar Patrick ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé orúkọ ẹni mímọ́ yìí kiri báyìí láìjẹ́ pé àwọn tó ń pè wọ́n fura.

Iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba Írẹ́lándì ní àkọsílẹ̀ orúkọ ọmọ láti 1964 wá. Wọn kì í tẹ orúkọ tí àwọn ọmọ tó ń jẹ́ ẹ lọ́dún kan kò bá tó mẹ́ta, kí àṣírí ìdílé má baà tú, nítorí náà orúkọ tó ṣọ̀wọ́n lè pòórá nínú ìwé nígbà tó ṣì wà nínú ilé. Ìdí tí Finbarr fi rẹlẹ̀ kò jìnnà. Kì í ṣe pé ó ṣòro kọ tàbí pè, nítorí ó rọrùn ju ọ̀pọ̀ orúkọ èdè Írẹ́lándì tó gbilẹ̀ lọ. Àwọn àgékúrú rẹ̀ ló pín ogún rẹ̀: Barry gba apá ẹ̀yìn fún ìran àwọn bàbá, Finn sì gba apá iwájú fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, nítorí orúkọ kúkúrú ni àwọn òbí ń fẹ́. Odindi orúkọ náà wá kù sọ́dọ̀ àwọn àgbà, irú Finbarr Furey, olórin àti afunfèrè tí wọ́n bí ní Dublin ní 1946.

Ní Cork ní tirẹ̀, kò sí ohun tó mì ín. Ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀ kọ́ kàtídírà Saint Fin Barre, tó ní ilé ìṣọ́ ṣóńṣó mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn mọ́ńkì rẹ̀ ti gbé. William Burges ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1870. Àwọn Kátólíìkì náà ń pè é ní bàbá ìlú. Ìjọ méjì tí wọ́n ti bá ara wọn jà fún ọ̀rúndún púpọ̀ jọ di orúkọ kan ṣoṣo mú, kò sì sí èyí tó fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀ fún èkejì. Àkọmọ̀nà yunifásítì ìlú náà ní kí Munster, ẹkùn tí Cork wà, máa kẹ́kọ̀ọ́ níbi tí Finbarr ti kọ́ni. Ẹgbẹ́ St. Finbarr's, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Írẹ́lándì, wọ́n sì ń ṣe eré ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní hurling. “The Barrs” ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n.

Ọ̀nà àwọn míṣọ́nnárì ni orúkọ náà gbà dé Èkó. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, dé Èkó ní 1868. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ka Írẹ́lándì sílẹ̀ ní 1912, Cork ni wọ́n fi ṣe ibùdó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlùfáà tó sìn ní ilẹ̀ Yorùbá ti gbéra. Ọ̀kan nínú wọn ni Fadá Denis Slattery, ọmọ Fermoy ní ẹkùn Cork, ẹni tí wọ́n bí ní 1916. Òun ló dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní 1956, Akọka sì ni ilé ìwé náà wà lónìí. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gidigidi, ó sì sọ ọ́ di ara ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Henry Nwosu, tó wà nínú ikọ̀ tó gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó ní 1980, kàwé níbẹ̀. Stephen Keshi náà kàwé níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ balógun ikọ̀ tó gba ife náà ní 1994, tó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2013.