Owó Òkú Lọ́wọ́ Alààyè: Gbèsè àti Ogún ní Agbègbè Adja-Ouèrè

Àwọn Yorùbá a máa pa á lówe pé àìsí ológbò nílé, ilé di ilé èkúté. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nígbà tí ikú bá mú ẹni tó yá ènìyàn lówó lọ kí ó tó gbà á padà. Onígbèsè lè rò pé gbèsè òun ti bá olówó wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlànà àṣà Yorùbá, tí àwọn Nàgó àti Ọ̀họ̀rí ti Adja-Ouèrè, Ikpinlè, Massè àti àwọn abúlé tó yí wọn ká jẹ́ ara wọn, owó tí òkú fi sílẹ̀ lọ́wọ́ alààyè kì í bá òkú lọ. Ogún ni.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Adja-Ouèrè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí epo pupa àti ekuro ń gba Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, kọjá lọ sí Yúróòpù, àwìn ni òwò náà fi ń rìn. Oníṣòwò etíkun a gba ọjà lọ́wọ́ òyìnbó láìsanwó, a gbé e fún alágbàtà, alágbàtà a sì yá àgbẹ̀ lówó de ìgbà tí ẹyìn yóò pọ́n. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná: 40 ẹyọ ni okùn kan, 50 okùn ni ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ẹni tó bá fẹ́ yá owó púpọ̀ ní láti fi nǹkan dúró. Ó lè fi oko ọ̀pẹ dógò, ó sì lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà.

Nínú ìwọ̀fà ni ọ̀rọ̀ gbèsè òkú ti hàn kedere jù. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín owó kù. Èlé lásán ni. Nítorí náà, bí olówó bá kú, ìwọ̀fà kò tíì gba ara rẹ̀. Ọwọ́ àwọn àjogún ló bọ́ sí, yóò sì máa ṣiṣẹ́ fún wọn títí ẹbí rẹ̀ yóò fi mú odindi owó náà wá. Bákan náà ni oko ọ̀pẹ: àwọn ọmọ olówó ni yóò máa kó ẹyìn rẹ̀ títí di ọjọ́ ìràpadà.

Kò sí ìwé nígbà náà. Ẹlẹ́rìí ni ìwé. Nígbà ìsìnkú, olórí ẹbí a máa kéde láàárín àwùjọ pé kí ẹni tí òkú jẹ lówó wá sọ ọ́, kí ẹni tó jẹ òkú lówó náà sì wá jẹ́wọ́. Ìkéde yìí ń ṣọ́ tọ̀tún tòsì, nítorí kò yẹ kí àjogún gba ohun tó tọ́ sí òkú, kí ó sì kọ̀ láti san ohun tí òkú jẹ. Bí onígbèsè bá sẹ́, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni ẹjọ́ ń lọ. Bí kò bá parí níbẹ̀, ó di ààfin ọba, níbi tí ẹlẹ́rìí yóò ti sọ̀rọ̀, tí a sì lè mú ẹni tó sẹ́ búra.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ nípa ológò. Iṣẹ́ ológò ni láti jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, kí ó máa pariwo, kí ó máa bú wọn, kí ó sì pa adìẹ tó bá rí jẹ, títí owó yóò fi jáde. Gbogbo agboolé ni ìyà náà ń jẹ, nítorí gbèsè ẹnì kan, gbèsè ẹbí ni. Èyí tó burú jù ni kí olówó mú ará ìlú onígbèsè tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí owó tí òun kọ́ ló jẹ. Irú èyí lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjì. Ìdí nìyí tí gbèsè fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá.

Nípa ẹni tí owó náà tọ́ sí, àṣà kò fọwọ́ rọ́ obìnrin sẹ́yìn. Owó tí ìyá fi òwò rẹ̀ kó jọ, àti èyí tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọkọ. Ti baba ni a máa ń pín ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, tàbí ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀.

Ìjọba Faransé yí nǹkan padà. Òfin 12 Oṣù Kejìlá 1905 dá ẹni tó bá fi òmìnira ẹlòmíràn ṣòwò lẹ́bi, ìwọ̀fà sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìkọ̀kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán lọ́jọ́ kan. Ní 1931, wọ́n kó àṣà onírúurú ẹ̀yà pọ̀ sínú ìwé kan, Coutumier du Dahomey. Ìwé náà sọ pé obìnrin kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin, pé òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun ìní àti ogún. Báyìí ni ìyá oníṣòwò tó lè yá ọkọ rẹ̀ lówó ṣe di ohun àjogúnbá nínú ìwé. Ọdún 1996 ni Ilé Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó sọ pé ìwé náà kò ní agbára òfin. Òfin ènìyàn àti ẹbí, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 24 Oṣù Kẹjọ 2004, wá fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sí ipò kan náà nínú ogún.

Síbẹ̀, òfin kò lè gba owó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀. Títí di òní, owó àgbàdo, owó epo àti owó àjọ ń tọwọ́ ènìyàn kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí ìwé. Àwọn tó ń jẹ́rìí fún ara wọn láyé àtijọ́ ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì ti tú ká sí Kútọnu, Èkó àti òkè òkun. Bí ìyá kan bá kú láìsọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò san gbèsè tí àwọn olówó wá béèrè, wọn kò sì ní mọ ẹni tí àwọn náà yóò lọ bá. Ojúṣe tó kù fún olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan ni láti béèrè lọ́wọ́ àgbà nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, kí ó kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ sílẹ̀, kí ènìyàn méjì sì fọwọ́ sí i. Kí ìkéde tó ń wáyé níbi òkú má ṣe jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ yóò gbọ́.