Àtúnṣe Alùpùpù: Nítorí Eré ni, tàbí Nítorí Ẹrù?

Ìró tí ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni Yorùbá fi sọ alùpùpù lórúkọ. Ìró náà kò ṣẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà kan, èyí tí písítìnì kan ṣoṣo ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe kí ó lè ṣe ju bí ẹni tí ó rọ ọ́ ti fi í sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlú kan ń wá lára rẹ̀ kọ́ ni ìlú kejì ń wá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1937, Wal Handley gun BSA Empire Star kan tí a ti tún ṣe ní pápá Brooklands, ó sì sá ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ ní wákàtí kan. Àmì ìràwọ̀ wúrà tí wọ́n fi dá a lọ́lá ni ilé-iṣẹ́ BSA wò tí wọ́n fi pe alùpùpù wọn kan ní Gold Star.

Ọ̀nà tí ó gba Fìdítì àti Ìlọrà kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kì í ṣe pápá eré ìje. Ọsàn ni a mọ Fìdítì mọ́. Ìlọrà sì wà lára ibi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ tẹ ibùdó àgbẹ̀ dó sí. Ohun tí ó jẹ irú àwọn ìlú báyìí lógún ni bí irè oko yóò ṣe kúrò nínú igbó dé etí títì.

Ilé-iṣẹ́ Honda kò ṣàìmọ ìṣòro yìí. Wọ́n ṣàkíyèsí pé níbi tí a ti ń di ẹrù àdìjù, tí a kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ́ńjìnnì tí ṣéènì ń yí káàmù rẹ̀ lókè kì í pẹ́ bàjẹ́. Nínú CG125 tí wọ́n gbé jáde ní 1976, wọ́n sọ káàmù kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé òkè. Ní 1979, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986 sọ mọ́tò di ọ̀wọ́n gógó, alùpùpù di ọkọ̀ èrò, a sì ń pè é ní ọ̀kadà.

Iṣẹ́ tí Honda bẹ̀rẹ̀ ni mẹkáníìkì abẹ́ igi ń bá lọ. Sípírókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ń fa ṣéènì, ni ó rọrùn jù láti pààrọ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá ní eyín 42, tí a sì fi eléyín 13 rọ́pò eléyín 14 níwájú, agbára ìfà alùpùpù yóò fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Eré rẹ̀ yóò sì dín ní ìdá 7. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹrù ni láti yááfì eré.

Àwọn mìíràn gbà pé bí a bá ti gbẹ́ sìlíńdà, agbára ti dé nìyẹn. Fífẹ̀ sìlíńdà CG125 jẹ́ mílímítà 56.5. Bí a bá gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí 57.5, ẹ́ńjìnnì 124 cc náà kò tíì di 129. Ìfúnpọ̀ tí ó ti sọnù ni ó padà, kì í ṣe agbára tuntun. Ẹni tí ó sì yọ inú sáíléńsà láìtún kábúrétọ̀ ṣe, ariwo ni ó rà. Ooru tí ó lè jó písítìnì ni èrè rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti bíréèkì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí alùpùpù yóò rìn lẹ́yìn tí a bá tẹ bíréèkì kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹrù bá pọ̀ sí i, iṣẹ́ bíréèkì pọ̀ sí i pẹ̀lú. Síbẹ̀, bíréèkì tí a rọ fún ènìyàn méjì ni ó ń dá ènìyàn mẹ́ta àti àpò ọsàn dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò sí àtúnṣe ẹ́ńjìnnì tí ó pé, bí a kò bá tún ohun tí yóò dá a dúró ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.