Obìnrin Tó Gbé Kámẹ́rà Kọjá Omi

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1858, àwọn ará Tompkinsville ní Staten Island ya wọ ọgbà ilé ìwòsàn etí omi wọn, wọ́n sì sọ iná sí i. Kí ọjọ́ kejì tó parí, eérú ló kù. Láti 1799 ni ìjọba ti ń dá àwọn aláìsàn tó bá ọkọ̀ òkun wá sí New York dúró níbẹ̀, ibà pọ́njú sì ti jáde látinú ọgbà náà bá àwọn aládùúgbò rí. Wọn ò fẹ́ rí àwọn àlejò náà mọ́.

Ọdún 1866 ni wọ́n bí Alice Austen ní Rosebank, tí kò jìnnà sí Tompkinsville. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọkọ àǹtí rẹ̀, Oswald Müller, ọ̀gá atukọ̀ ọmọ Denmark, gbé kámẹ́rà wálé. Peter, àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ àwòrán orí dígí. Wọ́n sọ kọ́bọ́ọ̀dù òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì di yàrá òkùnkùn fún Austen. Kò sí omi ẹ̀rọ nínú ilé, nítorí náà ìdí pọ́ǹpù inú ọgbà ló ti ń ṣan dígí rẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn ọ̀rẹ́, eré tẹ́níìsì, fàájì ọmọ olówó: ohun tó kọ́kọ́ ń yà nìyẹn. Àwòrán tó gún régé ni wọ́n, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń padà sínú wọn ṣáá.

Omi tó wà níwájú ilé ló la ọ̀nà tuntun. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, Austen a wọkọ̀ ojú omi lọ sí Manhattan pẹ̀lú ẹrù kámẹ́rà tó lè wúwo tó 50 pọ́ùn. Ó ya ọmọdé tó ń ta ìwé ìròyìn, ọmọ tó ń dán bàtà, agbálẹ̀ ìgboro àti àwọn ẹlẹ́yin ní Hester Street. Lára wọn ló ti ṣa àwòrán 12 tó tẹ̀ jáde ní 1896 ní *Street Types of New York*. Ẹni tó wo àwọn ojú wọ̀nyẹn dáadáa á rí i pé ayàwòrán náà dúró síwájú wọn, kò yọ́ wọn yà.

Láàárín àkókò kan náà ló tún yíjú sí ohun tí àwọn ará Tompkinsville ti fi iná lé lọ. Lẹ́yìn iná 1858, ìjọba kó ilẹ̀ jọ sínú omi, wọ́n fi ṣe erékùṣù méjì, Hoffman àti Swinburne, fún àwọn aláìsàn. Dókítà Alvah Doty, tó ń ṣàkóso àwọn erékùṣù náà, ní kí Austen wá ya ibẹ̀. Ó ya ilé, ẹ̀rọ tó ń pa kòkòrò àrùn, àti àwọn àlejò tó ń dúró de ìdásílẹ̀. Ọdún bíi mẹ́wàá ló fi ń padà lọ, wọ́n sì pàtẹ lára àwọn àwòrán náà níbi ìpàtẹ ńlá Buffalo ní 1901.

Ìṣubú ọrọ̀ ajé 1929 gba gbogbo owó rẹ̀. Ní 1945, òun àti Gertrude Tate, tí wọ́n jọ ń gbé, pàdánù ilé. Ní 1950 ó di ará ilé àwọn òtòṣì. Loring McMillen ti kó àwọn dígí náà pamọ́ fún ẹgbẹ́ onítàn Staten Island. Òǹkọ̀wé kan, Oliver Jensen, bá wọn níbẹ̀, ìwé ìròyìn *Life* tẹ̀ wọ́n jáde ní 1951, owó tó tibẹ̀ wọlé ló sì yọ ọ́ kúrò nílé òtòṣì. Ó kú ní oṣù Kẹfà 1952.

Ní 1986, wọ́n sọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń ná Manhattan sí St. George, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tompkinsville, ní Alice Austen.