Ilé Àgùdà ní Ìta Tinúbú

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé àtijọ́, ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ sí àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé olókùúta gbé dúró láti ìrandíran. Ilẹ̀ Èkó kò ní òkúta. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni. Síbẹ̀, a kọ́ ilé tí ó yẹ ní rírántí síbẹ̀.

Àwọn Àgùdà ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn ni a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsílì, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà wá sílé, pàápàá lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní ọdún 1835. Iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà tí wọ́n kọ́ ní oko ẹrú ni wọ́n sọ di iṣẹ́ ọlá nílé.

Ní ọdún 1855 ni a kọ́ ilé ìdílé Fernandez sí Ìta Tinúbú. Òun ni a wá ń pè ní Ilojo Bar. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Òkè ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Ẹwà nìkan kọ́ ni èyí: bíríkì kan fi ara ti èkejì, ẹrù òkè sì pín sí ọ̀tún àti òsì. Bí a bá yọ ọ̀kan, ìyókù wà nínú ewu.

Ní ọdún 1956, ìjọba kéde ilé náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í di ògiri mú. Òjò ń pa á, ó ń gbó lọ, títí di ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 11 oṣù September, ọdún 2016, tí a wó o lulẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbà ní, bí baálé ilé bá kú, ilé a di ahoro. Èyí kò tilẹ̀ ní ahoro mọ́.

Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó kan náà, iṣẹ́ João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà. Ọdún 1894 ni a ṣí i, ó sì wà síbẹ̀, nítorí àwọn tí ń lò ó kò fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìmọ̀ta àti ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ má ṣe dúró de ìjọba. Ẹ wọn àwọn ilé àgbà tí ó wà ní àdúgbò yín, ẹ yà wọ́n sínú ìwé, ẹ bi àwọn arúgbó léèrè ẹni tí ó kọ́ wọn, kí ẹ sì bá onílé dí ihò òrùlé kí òjò tó dé. Bí a kò bá ṣe é, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ wa?