Ìdógò Ilé Èrò àti Ilẹ̀ Oko ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ní ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19, olóko tí ó ní ilé èrò lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó sì ń wá owó ńlá, a máa fi ilé àti ilẹ̀ dógò lọ́dọ̀ olówó tí agbẹjọ́rò bá bá a wá, ẹni tí ó lè jẹ́ opó tí ń jẹ èlé. Ilẹ̀ gan-an ni ó di ti olówó lójú òfin, a ó sì kó àwọn ìwé ilẹ̀ tí a kọ sára awọ, tí a fi ìda ṣe èdìdì wọn, lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n onílé kò ní kúrò, yóò máa ta ọtí rẹ̀, yóò sì máa kórè àlìkámà rẹ̀. Oṣù 6 ni ìwé ìdógò sábà ń dá fún sísan owó náà padà, bẹ́ẹ̀ ogún ọdún pàápàá ń bọ̀ wá di ọ̀la. Síbẹ̀, bí ọjọ́ bá kọjá, Kóòtù Chancery, ilé ẹjọ́ tí ń wo òdodo, a máa dáàbò bo ẹ̀tọ́ onílé láti ra ilẹ̀ padà, ohun tí ó tọ́ tí ó sì yẹ. Títí di 1854, òfin kò gbà kí èlé ju 5 lọ nínú 100 lọ́dún. Nígbà tí rélùwéè gba èrò kúrò lójú ọ̀nà, ó sọ ọ̀pọ̀ ilé èrò di ahoro. Lẹ́yìn 1870, ọkà Amẹ́ríkà já iye owó oko wálẹ̀, gbèsè kò sì dín.